Odò àti Afárá: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Ilé-Kéwú

Nínú èdè Lárúbáwá tí ẹ ń kọ́, nahr ni odò, ṣùgbọ́n afárá ní orúkọ méjì: jisr àti qantara. Láyé àtijọ́, jisr sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi ṣe: wọn a so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀ láti etí kan dé èkejì, wọn a tẹ́ pákó lé e. Irú rẹ̀ ni àwọn ará Bàgídáàdì fi ń kọjá odò Dijla. Qantara ni afárá olókùúta tí ó tẹ̀ bí ọrun.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ nílé. Odò Ibú ni ó ṣàn gba Ṣágámù, ìlú tí ìlú mẹ́tàlá para pọ̀ dá sílẹ̀. Odò Ògùn tóbi jù ú lọ fíìfíì. Orísun rẹ̀ wà ní àwọn òkè agbègbè Ṣakí, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì já sínú ọ̀sà Èkó. Òun ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ ní 1976. Ògún ni òrìṣà àwọn alágbẹ̀dẹ. Ògùn ni odò. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n, mo sì ti yọ máàkì lára ọ̀pọ̀ yín nítorí rẹ̀.

Odò Ọya ni ìyanu. Orísun rẹ̀, ní orí òkè ilẹ̀ Gíní, kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ sí òkun, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí òkun náà, ó rìn wọ inú Mali títí dé etí aṣálẹ̀, kí ó tó yí padà sọ́dọ̀ wa. Gbogbo ìrìn rẹ̀ tó 4,180 kìlómítà. Ìyípadà yìí dá àwọn ọlọ́gbọ́n lójú rú. Ibn Battuta rí i nígbà tí ó wá sí Mali ní 1352, ó sì pè é ní an-Nil, ó rò pé Íjíbítì ni ó ń lọ. Ọdún 1830 ni Richard àti John Lander tó fi ọkọ̀ tọ̀ ọ́ dé òkun. Afárá Onítsha parí ní 1965, ogun bà á jẹ́ ní 1967, wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ṣí èkejì ní 1ọdún 2023.

Third Mainland ní Èkó, tí ó parí ní 1990, kì í ṣe afárá odò, bí ọ̀pọ̀ yín ti ń kọ ọ́. Ọ̀sà ni ó wà lórí rẹ̀. Ó gùn tó kìlómítà 11.8, kò sì sí èyí tí ó gùn tó o ní Áfíríkà títí wọ́n fi parí afárá 6th October ní Káírò, lórí odò Náílì, ní 1996.

Omi kì í bá òkè afárá jà, ìdí òpó rẹ̀ ni ó ń wa iyanrìn kúrò. Ìdí nìyí tí àwọn ẹnjiníà fi ń ri òpó wọlẹ̀ jìnnà. Ẹni tí ń wa iyanrìn tà lábẹ́ afárá ń bá omi ṣiṣẹ́ ni. Ní ti àwọn afárá kékeré ilé wa, pàǹtírí ni ọ̀tá wọn: bí ihò bá dí, orí títì ni omi yóò gbà. Ní oṣù October 2010, nígbà tí wọ́n tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, odò Ògùn kún, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìtì igi ni a ń gbà kọjá odò kan lọ sí ilé-kéwú. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, omi ti bo igi náà, a kò rí i mọ́, ọ̀rẹ́ mi ní òun mọ ibi tí ó wà. Ìgbésẹ̀ kẹta ni ó já sómi. Gbòǹgbò ọparun ni ó dì mú tí àgbẹ̀ kan fi fà á jáde. Wàláà rẹ̀ ni omi gbé lọ.