Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Onímọ́tò: Ọkọ̀ Tí Ó Ń Dáhùn Lónìí Tí Ó Ń Kọ̀ Lọ́la

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́ ni a fẹ́ sọ. Àìsàn kan wà tí ó máa ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀, ọkọ̀ á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀sán, á kọ̀ jálẹ̀. Bí a bá sì fà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, á tún dáhùn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Nígbà náà ni olówó rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí ra ohun tí kò bàjẹ́. Á pààrọ̀ bátìrì, á ra pọ́ǹpù tuntun, á ná owó ilé-ìwé ọmọ mọ́ ọn, síbẹ̀ ọkọ̀ á tún dúró sí ojú ọ̀nà Sèmè pẹ̀lú ẹrù oníbàárà nínú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé àìsàn tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, ìgbà tí ó bá dé gan-an ni a lè mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ wádìí kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé lójú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà, ní Ọ̀jọ́, ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí to irú rẹ̀ pọ̀ ní ọdún 1975. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, tánkì epo rẹ̀ wà níwájú, bátìrì sì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Epo á gba inú páìpù láti iwájú dé ẹ̀yìn. Pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń mú ṣiṣẹ́ á sì tì í sínú kábúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń dàpọ̀.

Ìbéèrè kìíní: ǹjẹ́ sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì? Bí kò bá yí i, ẹ fi epo sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì àti wáyà ni. Ẹ tan iná inú ọkọ̀, kí ẹ sì tún gbìyànjú. Bí iná náà bá ṣú, ó lè jẹ́ pé agbára bátìrì ti tán, tàbí pé orí rẹ̀ ti dógùn-ún. Afẹ́fẹ́ òkun wa ní iyọ̀, ó sì ń jẹ irin àti bàbà kíákíá. Ẹ tú orí bátìrì, ẹ ha á mọ́, ẹ dè é le, kí ẹ sì fi gíríìsì pa á. Ẹ má gbàgbé wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná náà kò bá ṣú rárá, tí sítátà sì dákẹ́, agbára bátìrì kò dé ọ̀dọ̀ sítátà nìyẹn. Ẹ wo wáyà rẹ̀ àti ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ sí.

Ìbéèrè kejì: bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì ṣùgbọ́n tí kò dáhùn, iná ni kò dé ni, tàbí epo? Kí mẹkáníìkì yọ plọ́ọ̀gì kan, kí ó fi wáyà rẹ̀ sí i, kí ó fi ara plọ́ọ̀gì kan irin ẹ́ńjìnnì, ní ibi tí epo kò sí, kí ẹlòmíràn sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣẹ́ dáadáa, iná kò jẹ̀bi. Bí kò bá ṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí ó sì padà wá nígbà tí ó tutù, ẹ kọ́kọ́ fura sí kọ́ìlì.

Bí iná bá wà, ẹ wá epo kiri láti tánkì dé kábúrétọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń kú lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ ṣí ìdérí tánkì. Bí afẹ́fẹ́ bá sáré wọlé pẹ̀lú ariwo, tí ọkọ̀ sì dáhùn, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ tánkì ni ó dí. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí epo kù díẹ̀ tàbí tí ọ̀nà kò dára ni ó ń kọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpẹtà inú tánkì ti dí asẹ́. Bí rọ́bà epo bá ti sán, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ dípò epo. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀sán gangan nìkan ni, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dúró pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì gbígbóná, epo lè ti di oru nínú páìpù. Ẹ jẹ́ kí ó tutù; bí ó bá dáhùn, ẹ má ra pọ́ǹpù.

Epo fúnra rẹ̀ lè jẹ̀bi. Ní November 2019, Ìjọba Àpapọ̀ fi òfin de kíkó epo lọ sí àwọn ilé epo tí wọn kò jìnnà ju kìlómítà 20 lọ sí ẹnu ibodè. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ènìyàn ra epo inú kẹ́ẹ̀gì tí kò mọ ibi tí ó ti wá. Ní February 2022 pẹ̀lú, a kéde pé epo kan tí a kó wọ Nàìjíríà ní mẹ́tánọ́ọ̀lù ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ. Mẹ́tánọ́ọ̀lù a sì máa fa omi mọ́ra. Ẹ bu epo díẹ̀ sínú ìgò tí ó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e sí ibi tí iná kò sí, kí ó tòrò. Epo fúyẹ́ ju omi lọ. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí i ní ìsàlẹ̀ ìgò.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ẹ má ṣe da epo sí ẹnu kábúrétọ̀ láti fi tan ọkọ̀, ẹ má sì fi ẹnu fa epo. Rọ́bà epo tí ó ti gbó lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ti sun ọ̀pọ̀ Ìjàpá di eérú. Owó rọ́bà tuntun kò tó nǹkan lára owó ọkọ̀, kí a má tilẹ̀ sọ ti ẹ̀mí. Ọkọ̀ ìgbàlódé tí kò ní kábúrétọ̀ ńkọ́? Epo inú páìpù rẹ̀ ń ti ara rẹ̀ jáde pẹ̀lú agbára ńlá. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tú u.

Ní ìparí, kí olúkúlùkù onímọ́tò fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀ rẹ̀. Nígbàkúgbà tí ọkọ̀ bá kọ̀, kí ó kọ wákàtí náà sílẹ̀, kí ó kọ bóyá ẹ́ńjìnnì gbóná tàbí ó tutù, bí epo ti pọ̀ tó, àti bóyá òjò rọ̀. Kí ó fi ìwé náà han mẹkáníìkì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀wé kà nínú yín, kí ó jọ̀wọ́ ka ẹ̀kọ́ yìí fún awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n kà.