Aṣọ Díẹ̀ Tó Bá Ara Wọn Mu

Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé ìlú ńlá kò ṣaláìní aṣọ. Àpótí kún, kọ́bọ́ọ̀dù kò fẹ́ẹ́ tì mọ́, aṣọ wà lórí àga, aṣọ tún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, bó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí a fẹ́ tètè jáde kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó há wa mọ́ ọ̀nà, a ó dúró síwájú aṣọ, a ó máa wò ó, a ò ní rí èyí tí a máa wọ̀.

Ohun tó fà á ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan la ra àwọn aṣọ náà. Èyí wù wá lọ́jọ́ kan, a rà á. Òmíràn jẹ́ ti ìgbéyàwó ẹnì kan. Búláòsì aláwọ̀ ọsàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí síkẹ́ẹ̀tì tó lè bá a lọ. Ṣòkòtò olódòdó wà níbẹ̀, ẹ̀wù tó bá a mu ti gbó tipẹ́. Aṣọ pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò mọra wọn.

Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí bí a ṣe lè ní aṣọ tí kò pọ̀, tó sì tó wa lò. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ máa mú un lọ sọ́jà: aṣọ tí kò bá lè bá mẹ́ta nínú èyí tó ti wà nílé jáde, ẹ má rà á.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ní àwọn ọdún 1970, obìnrin kan tó ń jẹ́ Susie Faux ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ni pé kí wọ́n ra ìwọ̀nba aṣọ tó dára, tí wọ́n á lè wọ̀ fún ìgbà pípẹ́, dípò kí wọ́n máa ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 1985, Donna Karan, aránṣọ kan ní New York, kó aṣọ méje jáde pọ̀ fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́. Èèyàn lè máa tò wọ́n pọ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, láti òwúrọ̀ níbi iṣẹ́ títí di alẹ́ níbi àríyá.

Kí Lọ́ńdọ̀nù tó sọ ọ́ làwọn baba wa ti ń ṣe é. Ẹ wo àwọn aṣọ òkè mẹ́ta tí gbogbo Yorùbá mọ̀: etù, sányán àti àlàárì. Etù ni wọ́n ń fi ẹ̀lú pa láró títí tí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Sányán ni wọ́n ń hun láti inú òwú tí kòkòrò inú igbó fi ń kọ́lé; àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ilẹ̀ gbígbẹ. Àlàárì ni pupa. Ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí òde tí kò lè lọ. Agbádá etù tó wọ̀ síbi ìwúyè náà ni yóò wọ̀ síbi ìsìnkú àgbà, fìlà ni yóò kàn pààrọ̀. Ẹ tún kíyè sí àwọ̀ wọn: méjì nínú wọn dákẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ló ń pariwo. Ètò yẹn gan-an ni a ó lò nínú ẹ̀kọ́ yìí. Bí aṣọ méjì tó dákẹ́ bá wà, ọ̀kan tó ń pariwo lè wà láàárín wọn. Bí gbogbo wọn bá ń pariwo, èyíkéyìí kò ní lè bá èkejì jáde.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọjà. Ilé ni. Ní ọjọ́ tí àyè bá wà, ẹ kó gbogbo aṣọ yín sórí bẹ́ẹ̀dì, títí kan èyí tó wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn. Ẹ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ṣì gbà mí? Ìgbà wo ni mo wọ̀ ọ́ kẹ́yìn? Kí ni mo máa ń wọ̀ mọ́ ọn? Èyí tí kò gbà yín mọ́, tó sì dára, ẹ fún àbúrò tàbí aládùúgbò tó gbà. Èyí tó kàn já bọ́tìnnì tàbí tí sípù rẹ̀ bàjẹ́, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún télọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ aṣọ tí a pa tì kò nílò ju iṣẹ́ díẹ̀ lọ. Àwọn tí ẹ ń wọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn wọ̀nyẹn ni ìpìlẹ̀. Ẹ ó rí i pé wọn kì í sábà pọ̀, àwọ̀ wọn sì sábà máa ń jọra.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ronú nípa ibi tí ẹsẹ̀ yín ń gbé yín lọ. Kí a mú Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní obìnrin kan ń gbé Agége, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Marina. Láti ọdún 2024, ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Agbádó ní Agége, kó sọ̀ ní Oyíngbò, kó wá wọ bọ́ọ̀sì sọdá sí Marina. Yóò gun àtẹ̀gùn ní ibùdókọ̀. Wọ́n lè fún un mọ́ àárín èrò. Oòrùn yóò pa á lójú títì, ẹ̀rọ amúlétutù yóò sì mú kí òtútù mú un ní ọ́fíìsì. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹrẹ̀ lè ta sí i lẹ́sẹ̀ kó tó délé.

Síkẹ́ẹ̀tì tó fún mọ́ itan kò lè gun àtẹ̀gùn yẹn bó ṣe yẹ. Ṣòkòtò funfun kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹrẹ̀. Aṣọ tó jẹ́ pọ́líẹ́sítà nìkan kì í rún, ó sì tètè ń gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń sé ooru mọ́ra, òógùn á sì máa rùn lára rẹ̀. Òwú ń fa òógùn, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tí kò dára lára rẹ̀ ni pé ó ń rún. Fún ẹni tó ń jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, aṣọ tí òwú pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí pọ́líẹ́sítà díẹ̀ wà mọ́ ọn, ló máa ń bá ọ̀nà Èkó mu jù. Ẹ máa ka bébà kékeré tí wọ́n rán mọ́ inú ọrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Ohun tí wọ́n fi ṣe aṣọ náà wà níbẹ̀, àti bí a ṣe lè fọ̀ ọ́. Ẹni tó ti mọ̀wé kà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan òun lórí ìyẹn mọ́.

Kí ni obìnrin Agége yìí nílò? Èrò tèmi ni pé aṣọ ìsàlẹ̀ mẹ́ta tó o: ṣòkòtò aláwọ̀ aró, síkẹ́ẹ̀tì dúdú tó gùn kọjá orúnkún tó sì fẹ̀ díẹ̀, àti jíǹsì tí kò ya, tí kò sì ṣá. Aṣọ tí a ń wọ̀ sókè ara, márùn-ún: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bùbá òwú aláwọ̀ eérú, búláòsì aláwọ̀ ojú ọ̀run, ọ̀kan tó jẹ́ ànkárá, ọ̀kan tó jẹ́ àdìrẹ. Ẹ mú bírò, kí ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan aṣọ tí a ń wọ̀ sókè ara lè bá aṣọ ìsàlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. 5 lọ́nà 3 jẹ́ 15. Bó bá fi kóòtù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kún un, tó ń wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan tó sì ń bọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, ó ti di ìmúra 30. Aṣọ mẹ́sàn-án péré ni gbogbo rẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ dúdú kan fún ọ̀nà, ọ̀kan tó ga díẹ̀ fún ọ́fíìsì, àti ìborùn kan tí yóò wà nínú báàgì nítorí òtútù. Bó bá jẹ́ obìnrin Mùsùlùmí, híjáàbù mẹ́ta tí àwọ̀ wọn dákẹ́ yóò bá gbogbo rẹ̀ lọ.

Ti ọkùnrin kò le. Ṣòkòtò méjì, ọ̀kan aláwọ̀ aró, ọ̀kan aláwọ̀ ilẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, káfútáànì kan tòun ti ṣòkòtò rẹ̀ fún ọjọ́ Jímọ̀ àti òde. Bí káfútáànì yẹn bá jẹ́ aláwọ̀ eérú, ṣòkòtò rẹ̀ á tún bá ṣẹ́ẹ̀tì lọ.

Ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ jẹ wá lógún jù ni aṣọ ẹbí, nítorí òun ló ń kún àpótí wa jù. Mo fẹ́ràn aṣọ ẹbí. Bí ẹbí àti ọ̀rẹ́ bá wọ aṣọ kan náà jókòó, ó ń wú ọlọ́jọ́ lórí, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má rà á. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí bí a ṣe ń ná owó oṣù sórí aṣọ tí a ó wọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí kòkòrò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú àpótí. Ẹ jẹ́ kí a ronú kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ náà.

Yáàdì mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń tà ní ìdì ànkárá kan. Bí ẹ bá jẹ́ kí télọ̀ fi gbogbo rẹ̀ rán gáwùn gbọọrọ kan tó fẹ̀ nílẹ̀, tí apá rẹ̀ wú, òde ìnáwó nìkan ni ẹ ó lè wọ̀ ọ́ dé. Ẹ sọ fún un pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya òkè sọ́tọ̀, ẹ ya ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ má rán wọn pọ̀.” Lọ́jọ́ ìnáwó, ẹ ó wọ méjèèjì pọ̀, gèlè á wà lórí, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé kì í ṣe gáwùn. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á bá ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ sí ọ́fíìsì. Ní Sátidé, òkè rẹ̀ á bá jíǹsì lọ sọ́jà. Ti léèsì náà rí bẹ́ẹ̀: bùbá léèsì lórí ìró tàbí ṣòkòtò tí kò ní àwòrán dára fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ìsọmọlórúkọ. Àwọn tí ẹ ti rán sílẹ̀ náà ṣeé tún ṣe. Télọ̀ tó mọṣẹ́ lè gé gáwùn ní ìbàdí, kó sọ ọ́ di méjì. Ìpèlé aṣọ òkè tí ẹ ò lò mọ́ lè di báàgì tàbí ẹ̀wù tí kò lápá tí a ń wọ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn èyí ni ọjà kàn, ẹ ó sì rí i pé ohun tí ẹ fẹ́ rà ti kéré. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà. Bí owó bá gbà yín láyè, ẹ lè ra aṣọ tuntun ní ọjà Balógun ní Èkó. Bí kò bá gbà, ọ̀kirika wà ní Yábà àti ní Kàtàńgúà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tú bẹ́ẹ̀lì ló ń kọ́kọ́ ṣà, ṣùgbọ́n owó ń ga lásìkò yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ni owó ń wálẹ̀. Ẹ na aṣọ náà sójú oòrùn, kí ẹ lè rí ihò. Ẹ wo abẹ́ abíyá, ọrùn, àti ibi tí wọ́n ti so ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì pọ̀. Ẹ fa sípù sókè sódò. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ lọ̀ ọ́ kó tó kan ara yín.

Fún aṣọ tó ń pariwo, àdìrẹ ni màá kọ́kọ́ mú. Òun ni àlàárì inú àpótí wa yìí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé aró ni àwọ̀ rẹ̀: iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ọjà Ìtokú ní Abẹ́òkúta ni àwọn tó mọyì rẹ̀ ń lọ. Àwọn kan ń fi ìko di aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, ìyẹn àdìrẹ oníko. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀kọ láfún yàwòrán sí i, ìyẹn àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ẹ ó rí àwòrán àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nu igun aṣọ náà. Bí àwọ̀ bá jáde púpọ̀, ẹ ó ní láti máa dá a fọ̀, nínú omi tútù, kí ẹ sì máa sá a síbi tí oòrùn kò sí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a bá fọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti bàjẹ́ nìyẹn.

Aṣọ tí kò pọ̀ ń tètè gbó, nítorí a ń wọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́. Ẹ má fọ jíǹsì lójoojúmọ́; ẹ yí inú rẹ̀ síta bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, kí àwọ̀ rẹ̀ lè pẹ́. Ẹ má wọ bàtà kan náà ní ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, kí òógùn inú rẹ̀ lè gbẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni yóò kọ́kọ́ sú yín, ọrùn rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ gbó, níbi tó ti ń kan ara. Ẹ má tí ì sọ ọ́ nù. Bí ara aṣọ bá ṣì le, ẹ gbé e lọ bá télọ̀, kó tú kọ́là náà kúrò, kó yí i padà, kó sì tún un rán, kí èyí tó gbó bọ́ sábẹ́, kí èyí tó dára wà lókè.