Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwọ̀n Átọ́ọ̀mù Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa, átọ́ọ̀mù háídírójìn ni ó fúyẹ́ jù lọ nínú gbogbo átọ́ọ̀mù. Ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 0.0000000001 mítà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fo òdo kan péré nínú ìdánwò, átọ́ọ̀mù rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń kọ ọ́ báyìí: 1 × 10⁻¹⁰ mítà. Nọ́ńbà iwájú kò gbọdọ̀ dín ní 1, kò sì gbọdọ̀ tó 10. Nọ́ńbà kékeré orí 10 ni ó ń sọ iye ìgbà tí a sún àmì désímà.

Àmì ìyọkúrò yẹn ni ó ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Yorùbá mọ ìyọkúrò nínú òǹkà: bí a bá wí pé ẹẹ́rìndínlógún, a ti yọ 4 kúrò nínú 20. Ṣùgbọ́n ti ibí yìí kì í ṣe ìyọkúrò rárá, pípín ni: a fi 10 pín 1 léraléra, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ẹ bá gbàgbé àmì náà, átọ́ọ̀mù yín di 10¹⁰ mítà. Bẹ́ẹ̀ sì ni 3.84 × 10⁸ mítà péré ni ó wà láàrin ayé àti òṣùpá!

Átọ́ọ̀mù háídírójìn mélòó ni a lè tò sórí mìlímítà kan, èyí tí í ṣe 10⁻³ mítà? Ẹ fi 10⁻¹⁰ pín 10⁻³. Níbí ni ìyọkúrò ti wá wúlò: −3 − (−10) = 7. Èsì rẹ̀ ni 10⁷, mílíọ̀nù mẹ́wàá.

Ìbú átọ́ọ̀mù wúrà tó 2.88 × 10⁻¹⁰ mítà. Ẹ ṣírò tirẹ̀ náà kí ẹ tó ṣí ojú ìwé tí ó kàn.