Ẹ Má Ha Wúrà Náà Dànù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ títún fóònù ṣe ní Bajulaiye, àti ẹ̀yin tí ẹ gbé tábìlì yín síta ní Jagunmolu, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì géèmù àtijọ́ ti ń padà wá sórí tábìlì yín. Ọdún 1989 ni Nintendo gbé Game Boy, ẹ̀rọ tó ń lo irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, jáde ní Japan. Ọmọ tó fi ṣeré nígbà náà ti di bàbá ọmọ, ó sì fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ náà rí i. Ẹ wo iye òjò tó ti rọ̀ sí Bariga láti ìgbà yẹn.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé bí ọmọ iṣẹ́ bá ti rí eyín kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tó ń kan ẹ̀rọ, tó dúdú, sáńpépà ló máa ń nawọ́ sí. Wúrà ni wọ́n fi bo eyín yẹn, ó sì fẹ́lẹ́ gan-an. Wúrà kì í dógùn-ún. Bàbà abẹ́ rẹ̀ ló ń dógùn-ún, tí àwọ̀ ewé á sì máa yọ jáde níbi tí wúrà ti ṣí. Bí ẹ bá ha á, ó máa dán lónìí, géèmù á ṣí, oníbàárà á dúpẹ́. Láìpẹ́ bàbà tí ẹ bọ́ láṣọ á tún dúdú, wúrà kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì náà. Bó bá ṣe eruku àti àágùn ọwọ́ lásán ni, òwú tí a fi ń nu etí àti IPA, ìyẹn ọtí isopropyl tí ẹ fi ń fọ bọ́ọ̀dù fóònù, ti tó. Bó bá ṣorí kunkun, ẹ fi kílínà pẹ́ńsù funfun rà á jẹ́jẹ́.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ omi ọ̀sà láti Ìlàjẹ ní Bariga ni, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Omi náà níyọ̀, IPA kì í sì í yọ́ iyọ̀ dáadáa. Omi ló ń yọ́ ọ. Ẹ yọ bọ́ọ̀dù kúrò nínú ike, kí ẹ fi omi dístíílì fọ̀ ọ́, irú èyí tí àwọn tó ń cháájì bátìrì mọ́tò ń tà. Ẹ là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ẹ ò ra ásíìdì o, torí wọ́n ń ta ìyẹn náà! Lẹ́yìn omi ni IPA tó kàn, lẹ́yìn IPA, fáànù.

Ní Shomolu, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí atẹ̀wé tí á bu tínà fún yín. Ẹ dúpẹ́, ẹ má gbà á. Tínà ń jẹ ike kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì fẹnu fẹ́ ẹ, bí gbogbo ọmọ Èkó ṣe ń ṣe láyé ọjọ́un. Nintendo fúnra wọn kìlọ̀ pé ọ̀rinrin ẹnu ń ba eyín náà jẹ́.

Bátìrì pẹlẹbẹ ló kù. Kì í ṣe gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ló ní in, ṣùgbọ́n nínú èyí tó bá ní in, òun ló ń jẹ́ kí géèmù rántí ibi tí oníṣeré ti dúró. Bí ẹ bá já a láti pààrọ̀ rẹ̀, tí ẹ ò sì tíì da ohun inú rẹ̀ kọ síbòmíràn, ó lọ nìyẹn. Ẹ pe oníbàárà kí irin lẹ́ẹ̀dì tó kàn án. Bó bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ gba owó ìfọ̀ nìkan.