Ọdún Ṣíṣe fún Ẹni Tó Ní Wárápá

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun tí ọdún ń gbé bá ẹni tó ní wárápá kò fara pamọ́: àìsùn, ọtí, ebi, àti oògùn tí a kò lò lásìkò. Ohun tó sábà máa ń ru wárápá sókè nìyẹn, gbogbo wọn ló sì kún inú ọdún.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ní wárápá, ó lè tó méje tí wárápá kò ní í gbé mọ́ bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ, tí wọ́n sì ń lo oògùn wọn déédéé. Déédéé yẹn gan-an ni ọdún máa ń bà jẹ́. Ẹlòmíràn á ju oògùn sí búùtù ọkọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á mú wọn, àsìkò á kọjá. Ẹlòmíràn á dé abúlé kó tó rí i pé hóró méjì ló kù, kẹ́míìsì sì ti ti ilẹ̀kùn nítorí Kérésì. Ẹ ra èyí tí yóò kọjá ọdún tuntun, kí ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ kan lé e, kí ó sì wà nínú àpò tó wà lára yín. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ó ti pẹ́ tí wárápá ti gbé yín gbẹ̀yìn. Oògùn yẹn ló ń dá a lọ́wọ́ kọ́.

Ẹni tó fẹ́ lọ sí àìsùn ọdún tuntun, kí ó sùn dáadáa lọ́sàn-án, kí ó lo oògùn alẹ́ rẹ̀ kó tó jáde, kí ó má sì ti ṣọ́ọ̀ṣì gba òde àríyá lọ. Bí ara kò bá gbé e, Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà ọ̀gànjọ́ ń gbọ́ ti ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààwẹ̀: Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbà á, kí ó rí dókítà kí Ràmàdáánì tó dé, kí wọ́n wò ó bóyá oògùn rẹ̀ ṣe é pín sí sààrì àti ìṣínu. Ẹ yẹra fún ọtí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Tramadol tí wọ́n ń pín lóde náà máa ń fa wárápá.

Iná àti omi ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tí wárápá lè gbé kò gbọdọ̀ dúró ti agbada òróró gbígbóná, kò gbọdọ̀ dá nìkan pọn omi nínú kànga. Ẹ fún un ní ìrẹsì ṣà, ẹ jẹ́ kó di mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn ẹbí kan máa ń ti ọmọ wọn mọ́ yàrá nígbà tí àlejò bá dé. Ìwà ìkà ni, ewu sì ni: bí ó bá gbé e nínú yàrá tí a tì, ta ni yóò dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ìtìjú wo ló tilẹ̀ wà níbẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní Igbó-Ọrà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 1987: ènìyàn tó lé ní márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ló ní wárápá. Òde ńlá wo ni kò ní ní ọ̀kan?

Bí wárápá bá gbé ẹnì kan lóde, ẹ má sá. Itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀ kì í ran ènìyàn. Ẹ gbé àga àti ìgò kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ rọ orí rẹ̀, ẹ tú gèlè tàbí bọ́tìnnì ọrùn, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi ṣíbí há a lẹ́nu, ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má sì rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu. Àgbo ìtọ̀ màlúù ti pa ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ wa. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó tún gbé e kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, ọsibítù yá.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ pín iṣẹ́ kí ọjọ́ ọdún tó pé: ta ni yóò máa wo aago, ta ni yóò dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ ta ni yóò gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àga rẹ̀ sí àárín àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, kí ó bá yín ṣọdún.