Ohun Tí Òwú àti Abẹ́rẹ́ Sọ Nípa Èdè

Ní ọdún 1786, Sir William Jones, adájọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Calcutta ní Íńdíà, sọ níwájú ẹgbẹ́ Asiatic Society pé èdè Sanskrit, ti Gíríìkì àti ti Látìn jọra ju ohun tí a lè pè ní èèṣì lọ. Ó ní orísun kan ni wọ́n ti ṣàn wá. Orísun náà ni àwọn onímọ̀ wá ń pè ní Indo-European. Àwọn tí ó sọ èdè ìyá yìí kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Báwo ni a ṣe wá mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn? Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ wọn ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo aṣọ rírán. Gẹ̀ẹ́sì ní “sew”, Látìn ní “suere”, èdè Lithuania ní “siūti”, Sanskrit sì ní “sīvyati”. Ọmọ ìdílé yìí ni “sutor”, èyí tí Látìn ń pe ẹni tí ń rán bàtà, àti “sūtra” ti Sanskrit, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ fọ́nrán òwú. Àwọn ará Íńdíà tún fi í pe àkójọ ẹ̀kọ́ ṣókí-ṣókí.

Ní ti òwú ríran, Látìn ní “nere”, èdè Irish sì ní “sníomh”. Nínú Mátíù 6:28, níbi tí Olúwa wa ti fi òdòdó lílì ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kì í rànwú, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó dúró fún rírànwú wá láti ìdílé yìí kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni “needle”, orúkọ abẹ́rẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àti “nähen” ti Jámánì, tí ó ti kúrò ní òwú ríran, tí ó di aṣọ rírán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó jọra ni ó bá ara tan. Onímọ̀ a máa wá ìlànà tí kì í yẹ̀. Irish pa “s” mọ́ níwájú “n”. Látìn sọ ọ́ nù. A tún rí i nínú orúkọ òjò dídì: Irish ní “sneachta”, Látìn ní “nix”. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó jọ ti òkèèrè, kí ó má tíì kéde pé ibẹ̀ ni a ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí la ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún já nítorí pé àwọn òbí ń fi wọ́n bá ọmọ sọ̀rọ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó lè dárúkọ ohun èlò òwú gbígbọ̀n, òwú ríran àti òfì híhun ní èdè Yorùbá? Ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé, kí ẹ béèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí yóò dáhùn ṣì wà.