Igi Gogoro Inú Rẹ́jísítà

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ tó ilé ìwé girama. Ọmọ kì í ṣàdédé jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́. Á kọ́kọ́ máa pẹ́ dé. Tó bá yá, á máa pa ọjọ́ Ajé jẹ nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá tí kò ṣe, á tún máa pa ọjọ́ Ẹtì jẹ nítorí pé owó ọkọ̀ ti tán láti Ọjọ́bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ́jísítà kíláàsì: ilà kan fún àárọ̀, ilà kan fún ọ̀sán, òdo fún ọmọ tí kò wá. Òdo kan lọ́sẹ̀ kìíní, méjì lọ́sẹ̀ kẹta. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, òdo ti tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Kò sẹ́ni tó lé ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n ń kọ rẹ́jísítà tuntun lóṣù Kẹsàn-án, wọn ò kàn kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ni.

Àlejò tó bá gba First Gate wọ Festac lè rò pé irú ọ̀rọ̀ yìí ò kan ibẹ̀. Ìlú tí ìjọba ológun kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé ni, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Títì ibẹ̀ ní nọ́ńbà, ilé ibẹ̀ ní ètò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ńlá ni bọ́ìsì kọ́tà wà. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹni tó ń ṣọ́ géètì ń gbé. Ibẹ̀ náà ni ọmọbìnrin tí wọ́n mú wá láti abúlé ń sùn, ẹni tó ní láti fọ abọ́, kó gbá ilé, kó sì wẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ká tiẹ̀ fi Festac sílẹ̀, ká lọ sí Agboju àti Kirikiri, tàbí ká wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Irede àti Sagbokoji, tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin kan náà. Ọmọ erékùṣù tí òjò òwúrọ̀ bá ká mọ́ etí omi ti pàdánù ọjọ́ yẹn nìyẹn, kódà bó jẹ́ òun ló mọ̀wé jù ní kíláàsì.

Òfin ń ran ọmọ lọ́wọ́ dé àyè kan. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 sọ ọ́ di dandan kí ọmọ lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ìwé: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré. Òbí tó bá ṣàìgbọràn, ìkìlọ̀ ni nígbà àkọ́kọ́. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, 2,000 náírà owó ìtanràn ni tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì pọ̀. (Ta la mọ̀ tó ti san 2,000 náírà yẹn rí?) Tí ọmọ bá ti ṣe tán ní JSS3, òfin náà ti ká ọwọ́ kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà, ìyẹn ọjọ́ orí tí ọjà máa ń pe ènìyàn gan-an.

Ọjà ò sì jìnnà. Trade Fair wà lẹ́bàá ọ̀nà Badagry, pẹ̀lú àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ASPAMDA. Alaba wà ní Ojo, ní ìkọjá ibẹ̀ díẹ̀. Mile 2 kún fún dánfó tó ń wá kọ́ńdọ́kítọ̀. Ọmọkùnrin tó gba òdo nínú ìṣirò láàárọ̀ lè gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ nírọ̀lẹ́. Èwo nínú méjèèjì ló máa jọ àṣeyọrí lójú rẹ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ ò burú o, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ilé ní Festac ló ti ibi ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó burú ni kí ọmọ lọ síbẹ̀ nítorí pé ojú ń tì í nílé ìwé, láìní ìwé ẹ̀rí kankan tó lè fà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bí ọ̀gá bá lé e lọ́dún kẹta.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lóòótọ́, láti ìgbà Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ni ilé ìwé ìjọba ti di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà, tí ètò kí àwọn ọmọ kan wá láàárọ̀ kí àwọn mìíràn wá lọ́sàn-án sì dópin. Ìjọba Èkó tún ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ SS3 rẹ̀. Ní 2025, iye àwọn tí wọ́n san án fún lé ní 58,000. Ìyẹn dára. Àmọ́ owó WAEC kì í gbé ọmọ SS1 láti Satellite Town dé ilé ìwé. Bàtà, ìwé, oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀ ló ń yọ àwọn ọmọ jáde, ó sì ti wá le sí i látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 2 sí Marina ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn wúlò fún ẹni tó ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ tó ń ti Ijegun bọ̀ wá sí Festac ò rí i gùn.

Níbi tí àdúgbò ti lè ṣe nǹkan nìyí, kò sì ní ná wọn lówó gọbọi. Ọ̀pọ̀ Close ní Festac ló ní ẹgbẹ́ olùgbé tó ń gba owó ẹṣọ́ àti owó iná. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ò wọ́n níbẹ̀. Kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé ìjọba tó sún mọ́ wọn jù, kí wọ́n bèèrè ọmọ márùn-ún tí owó ọkọ̀ ń dá dúró, kí wọ́n gbé owó tẹ́ẹ̀mù kan kalẹ̀. Èyí sàn fíìfíì ju páálí ìwé tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ ayẹyẹ kí oníṣẹ́ ìròyìn lè ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti owó nìkan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá: ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní alágídí ni kò gbọ́ ohun tí tíṣà ń wí láti JSS1. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n tayọ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kíláàsì kan ní Festac lè ní ọmọ Yorùbá, Ìgbò, Ègùn àti Ìjọ̀, nítorí náà kò sí tíṣà tó lè fi èdè kan ṣoṣo kọ́ gbogbo wọn. Àmọ́ ọmọ SS2 tó gbọ́ èdè ilé ọmọ JSS2 lè jókòó tì í fún wákàtí kan lẹ́yìn ilé ìwé, kó tú ìdá àti àmì ìyọkúrò fún un ní èdè tó fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọ́ni náà á mọ̀ ọ́n sí i.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ilé ìwé tó ń na ọmọ tó pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ nígbà tó padà dé ti kọ́ ọ pé kó má padà wá mọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó wà.

Àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Chicago, ní Amẹ́ríkà, fi ìdí òwe igi gogoro yẹn múlẹ̀. Ní 2005, wọ́n sọ pé ọmọ tó parí ọdún àkọ́kọ́ ní girama àgbà láìfi bẹ́ẹ̀ fìdí rẹmi nínú àwọn iṣẹ́ pàtàkì fi ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ sún mọ́ ìwé ẹ̀rí ju ọmọ tó ti ń ṣubú lọ. Ní 2007, wọ́n fi hàn pé iye ọjọ́ tí ọmọ pa jẹ ń tètè tú àṣírí ìkùnà ju máàkì ìdánwò tó gbà ní kíláàsì ìṣáájú lọ. Ilé ìwé tó bá ní rẹ́jísítà, bíírò pupa àti tíṣà kan tó lè pe òbí ti ní irin iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tí òdo bá pé mẹ́ta ni kí wọ́n pe ilé, kí wọ́n má dúró de ìparí tẹ́ẹ̀mù. Bí fóònù ò bá lọ, kí ẹnìkan ṣe wàhálà dé ilé ọmọ náà. Ẹ̀kùn Ẹ̀kọ́ Karùn-ún, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Agboju, ni àwọn ilé ìwé ìjọba agbègbè yìí wà lábẹ́ rẹ̀. Òbí tí ilé ìwé ò bá dá lóhùn mọ ibi tó lè gbé ọ̀rọ̀ lọ.

Ìjàǹbá pẹ̀lú máa ń dé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2020, ìbúgbàù tó ṣẹlẹ̀ ní Abule Ado wó Bethlehem Girls' College palẹ̀, Arábìnrin Henrietta Alokha tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà sì kú níbi tó ti ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí kòrónà fi ti gbogbo ilé ìwé Èkó pa. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ti ń pa ọjọ́ jẹ tẹ́lẹ̀ máa ń di ẹni tí kò padà mọ́.

Ti ọmọbìnrin tó lóyún ńkọ́? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, ní kí wọ́n fún un láàyè láti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n lò ó. Ìyá àgbà tó bá gbà láti bá a tọ́jú ọmọ tó bí láti aago mẹ́jọ sí aago méjì ti ṣe ju ìpàdé ẹbí mẹ́wàá lọ.

Ẹni tó ti kúrò pátápátá náà ṣì ní ọ̀nà. Tunde Onakoya, ọmọ Ìkòròdú, jókòó sílé nígbà kan nítorí owó ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ ló gbà láti máa ṣe ìmọ́tótó ní ilé ìwé kan kó lè kàwé. Òun ló dá ẹgbẹ́ Chess in Slums sílẹ̀ ní 2018, tó sì ta ayò chess fún 60 wákàtí ní New York ní oṣù Kẹrin 2024 láti kó owó ẹ̀kọ́ ọmọdé jọ. Ẹni tí kò bá lè wọ yunifọ́ọ̀mù mọ́ lè fi orúkọ sílẹ̀ fún WAEC tàbí NECO ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju bíírò lọ lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ní Ikotun tàbí Agidingbi, kó jókòó fún ìdánwò NABTEB, kó sì ní iṣẹ́ àti ìwé ẹ̀rí pọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin alágbàtọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní JSS3 tàbí SS1: lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ lọ bá tíṣà kíláàsì rẹ̀, ẹ ní kó ṣí rẹ́jísítà, kó sì ka òdo iwájú orúkọ ọmọ yín fún yín.